Okùn Ló Pa Ẹsẹ̀ Náà

Bí ọ̀kadà bá kọlu ènìyàn lójú títì, tí ẹsẹ̀ sì kán, kí wọ́n tó gbé e kúrò nílẹ̀ ni ìmọ̀ràn ti máa ń pọ̀ ju ọwọ́ tó fẹ́ gbé e lọ. Ẹnìkan á ní, "Ẹ má gbé e lọ sọ́sibítù o, gígé ni wọ́n máa gé e." Ẹlòmíràn á fi òwe gbè é lẹ́yìn pé orí bíbẹ́ kọ́ ni oògùn orí fífọ́. Ẹnìkẹta á ti fa fóònù yọ, á máa wá nọ́ńbà bàbá teegun-teegun kan tó tọ́jú àbúrò ìyàwó rẹ̀ lọ́jọ́sí. Kí ìyá ọmọ náà tó débẹ̀, àwọn tí wọn kò ní gbé ẹsẹ̀ náà rìn ti dájọ́ ẹsẹ̀ náà tán.

Ìdájọ́ yẹn ni mo fẹ́ takò: pé ọsibítù ni wọ́n ti ń gé ẹsẹ̀, ilé teegun-teegun ni wọ́n ti ń gbà á là. Ẹ má rò pé àwọn tí kò kàwé nìkan ló ń sọ ọ́. Mo ti gbọ́ ọ lẹ́nu olùkọ́, mo ti gbọ́ ọ lẹ́nu pásítọ̀ àti ààfáà, mo ti gbọ́ ọ lẹ́nu òṣìṣẹ́ báńkì tí kì í fún ọmọ rẹ̀ ní oògùn ibà láìjẹ́ pé dókítà kọ ọ́. Láti Ìlọrin dé Ìjẹ̀bú, láti Òṣogbo dé Àgbádárìgì, ọ̀rọ̀ náà ti di ohun tí ẹnikẹ́ni kì í wádìí mọ́. Mo ní kò rí bẹ́ẹ̀. Mo ní nínú àwọn ẹsẹ̀ tí dókítà ń gé lẹ́yìn tí eegun wọn kán, púpọ̀ ló jẹ́ pé òkú ẹsẹ̀ ni wọ́n gbé dé ọ̀dọ̀ rẹ̀, okùn àti ọparun ló sì ti pa wọ́n kí wọ́n tó gbéra nílé. Ọ̀rọ̀ yìí kì í ṣe tuntun. Ó ti pé ọ̀pọ̀ ọdún tí àwọn dókítà eegun ní Nàìjíríà ti ń kọ ọ́ sínú ìwádìí wọn pé ẹsẹ̀ tàbí apá tí teegun-teegun dì le jù wà lára ohun pàtàkì tó ń yọrí sí gígé, pàápàá lára ọmọdé àti ọ̀dọ́.

Ẹ jẹ́ ká wo bí ẹsẹ̀ ṣe ń kú. Bí eegun ojúgun bá kán, ẹ̀jẹ̀ á ya sínú ẹran tó yí i ká, omi ara á sì wọ́ jọ síbẹ̀, ẹsẹ̀ á bẹ̀rẹ̀ sí í wú. Wíwú náà kì í parí lọ́jọ́ tí ìjàǹbá ṣẹlẹ̀. Ó lè máa pọ̀ sí i fún ọjọ́ 2 tàbí 3. Bẹ́ẹ̀ ni awọ tẹ́ẹ́rẹ́ kan wà nínú ẹsẹ̀ wa tó pín ẹran ojúgun sí yàrá 4. Awọ náà le, kì í nà. Bí ìwú bá ń pọ̀ nínú yàrá tí kò nà, yóò máa fún ohun gbogbo tó wà níbẹ̀ pọ̀, títí tí ẹ̀jẹ̀ tuntun kò fi ní ráyè wọlé mọ́. Èyí lè ṣẹlẹ̀ láìsí okùn kankan lórí ẹsẹ̀ rárá. Ẹ wá mú ẹní ọparun, ẹ yí i mọ́ ọn, ẹ fi okùn dì í pinpin lọ́jọ́ àkọ́kọ́ tí ìwú kò tíì dé ibi tó ń lọ. Ibi tí ẹsẹ̀ fẹ́ wú sí ni ẹ ti dí pa yẹn. Ẹran ara tí ẹ̀jẹ̀ kò bá dé ọ̀dọ̀ rẹ̀ á bẹ̀rẹ̀ sí í kú láàárín nǹkan bíi wákàtí 6. Mo sọ pé wákàtí, n ò sọ pé ọjọ́. Ẹsẹ̀ tí wọ́n dì lẹ́yìn ìrun ìṣá lè ti kú kí wọ́n tó pe ìrun àsùbáà.

Ẹsẹ̀ kì í sì í kú láìké. Ìrora rẹ̀ á kọjá èyí tí eegun kíkán nìkan ń fà. Bí ẹnikẹ́ni bá fa ọmọ ìka ẹsẹ̀ náà sókè díẹ̀, aláìsàn á lọgun. Lẹ́yìn náà ni ẹsẹ̀ á máa kú tìpìrì, ìka á tutù, kò ní lè mi wọ́n mọ́. Ní ìkẹyìn, ìrora á dákẹ́, nítorí iṣan tó ń jẹ́ kí a mọ ìrora lára náà ti kú. Èyí ló ń bà mí nínú jẹ́ jù: òru tí aláìsàn fi ń pariwo, wọ́n á ní kó fara dà á, pé eegun ló ń wọlé síra wọn, nígbà tó bá wá dákẹ́, tí ẹsẹ̀ ti kú, wọ́n á ní, "Ẹ ò rí i? Oògùn ti ń ṣiṣẹ́."

Mo rí ọ̀kan. Ọmọkùnrin kan tó ń kọ́ṣẹ́ télọ̀ ni, ó já bọ́ lẹ́yìn ọ̀kadà, ojúgun rẹ̀ kán. Eegun náà kò yọ síta, ọgbẹ́ kankan kò sí lára awọ rẹ̀. Irú èyí tó máa ń so wẹ́rẹ́ tí a bá tọ́jú rẹ̀ dáadáa. Ọ̀dọ̀ teegun-teegun ni wọ́n kọ́kọ́ gbé e lọ. Nígbà tí wọ́n gbé e dé ilé ìwòsàn kan, àwọn tó jókòó ń retí dókítà ti ń fi aṣọ bo imú kí wọ́n tó gbé e dórí bẹ́ẹ̀dì. Nọ́ọ̀sì fi sáásì gé okùn náà lọ́kọ̀ọ̀kan. Òwú tí wọ́n fi hun ọparun náà pọ̀ ti dúdú, òrí àti ewé gígún ti gbẹ mọ́ ara. Nígbà tí wọ́n ká ẹní ọparun náà kúrò, ipa igi kọ̀ọ̀kan wà lójúgun, wọ́n jìn wọ inú ẹran lẹ́sẹẹsẹ. Láti ibi tí okùn òkè ti mú un wá sísàlẹ̀, awọ ẹsẹ̀ náà ti yí padà, ọmọ ìka ti gbẹ, gìgísẹ̀ ti rọ̀. Dókítà fi abẹ́rẹ́ gún un ní àtẹ́lẹsẹ̀. Ọmọ náà ń wo àjà, kò mọ̀ pé wọ́n fi nǹkan kan òun.

Bàbá rẹ̀ ti wà lórí ìkúnlẹ̀. "Dókítà, ẹ ṣàánú mi, ẹ má gé e. Torí gígé yìí náà la ò ṣe gbé e wá látìbẹ̀rẹ̀."

Dókítà náà kéré sí i lọ́jọ́ orí gan-an. Ó lóṣòó tì í, ó ní, "Ẹ dìde, Bàbá, ẹ jọ̀ọ́. Ẹsẹ̀ yìí ti kú, sà. Bí a bá fi í sílẹ̀, oró rẹ̀ á wọ inú ẹ̀jẹ̀, á ba kíndìnrín jẹ́, ọmọ yẹn gan-an la máa pàdánù. Ká ní ẹ gbé e wá lọ́jọ́ tó ṣubú ni, sà, sìmẹ́ńtì POP nìkan là bá fi sí i."

Bàbá náà tẹ ìka sí ìwé, wọ́n gé ẹsẹ̀ náà nísàlẹ̀ orúnkún, ọmọ náà yè. Kí ni àdúgbò wọn ń sọ títí dòní? Wọ́n ní ọsibítù gé ẹsẹ̀ ọmọ tó ń kọ́ṣẹ́ télọ̀. Kò sẹ́ni tó dárúkọ ọparun.

Ibí yìí ni ìṣirò wa ti wọ́. Ẹsẹ̀ tí wọ́n gé, gbogbo àdúgbò ló ń rí i. Ọ̀pá ìtìlẹ̀ á máa ró lọ ró bọ̀ lójú ọ̀nà mọ́ṣáláṣí. Ṣùgbọ́n ẹni tí wọ́n ki irin bọ inú eegun itan rẹ̀ ní ọsibítù, tó padà sẹ́nu iṣẹ́, ta ló mọ̀ ọ́n? Ó wọ ṣòkòtò, ó ń wa dáńfó, ó jókòó tì ọ́ nínú bọ́ọ̀sì, àmì kankan kò sí lójú rẹ̀. Ní ti teegun-teegun, ìdàkejì gbáà ni. Ẹni tó bá san lọ́dọ̀ rẹ̀ ń rìn káàkiri, ó ń jẹ́rìí. Ẹni tó bá bàjẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀, wọ́n á gbé e kúrò níbẹ̀, ó di ti ọsibítù, gígé tí wọ́n bá sì gé e di ẹ̀ṣẹ̀ ọsibítù. Ẹjọ́ tí a ti ń kó gbogbo àṣeyọrí síwájú adájọ́ fún apá kan, tí a sì ń kó gbogbo àdánù tó jẹ́ ti apá méjèèjì lé apá kejì lórí, báwo ni ìdájọ́ rẹ̀ ṣe lè tọ́?

Èyí tó tún wà níbẹ̀ ni pé ọ̀pọ̀ ohun tí wọ́n ń pè ní ẹsẹ̀ kíkán kò kán rárá. Ọrùn ẹsẹ̀ tó rọ́ lásán lè wú gan-an, kó dúdú, kí ènìyàn má lè tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀ fún ọjọ́ mélòó kan. Láìya X-ray, ó ṣòro kí ẹnikẹ́ni fọwọ́ sọ̀yà pé ó kán tàbí kò kán. Wọ́n á ní ó kán, wọ́n á dì í, ọ̀sẹ̀ 3 á kọjá, ó di iṣẹ́ ìyanu. Èyí tó sì kán ní tòótọ́ pàápàá, bí kò bá yẹ̀ kúrò ní àyè rẹ̀, pàápàá lára ọmọdé, ó máa ń so fúnra rẹ̀ bí a bá ṣáà ti mú un dúró sójú kan. Ara ènìyàn ló ṣe iṣẹ́ náà. N ò ní ká má yin ẹni tó mú un dúró, ṣùgbọ́n ká má fi ìyìn ibi tó rọrùn gba ẹrù ibi tó le.

Ẹ tún wo ọ̀rọ̀ adìyẹ. Ní ọ̀pọ̀ ilé teegun-teegun, wọ́n máa ń dá adìyẹ lẹ́sẹ̀, wọ́n á di ti adìyẹ bí wọ́n ṣe di ti ènìyàn, ọjọ́ tí adìyẹ bá tẹ ẹsẹ̀ mọ́lẹ̀ ni wọ́n á sọ pé ó tó àkókò kí aláìsàn náà dìde. Mo mọ ohun tí adìyẹ yẹn ń ṣe fún ọkàn ìyá tó jókòó ti ọmọ rẹ̀. Ìrètí tó ń rìn lọ rìn bọ̀ nínú àgbàlá kì í ṣe ohun kékeré. Ṣùgbọ́n eegun ẹyẹ máa ń so láàárín ọ̀sẹ̀ 3 sí 4. Eegun itan àgbàlagbà kò lè gba kó dín ní oṣù 3, ti ojúgun sì lè gba oṣù 4 tàbí 5 kó tó le débi tí ènìyàn lè gbé gbogbo ara lé e. Ẹni tó bá dìde nítorí pé adìyẹ dìde, eegun rẹ̀ ṣì rọ̀. Ó lè tẹ̀, tàbí kí ẹgbẹ́ méjèèjì gun ara wọn, kí ẹsẹ̀ kan kúrú ju èkejì lọ. Nígbà mìíràn kò ní so mọ́ rárá: ibi tó kán á di oríkèé èké, ẹsẹ̀ á máa ṣẹ́ níbi tí Ẹlẹ́dàá kò fi oríkèé sí. Irú ẹsẹ̀ báyìí kún ọsibítù eegun wa. Wọn kò kú, nítorí náà kò sẹ́ni tó ń pariwo wọn, ṣùgbọ́n ẹni tó ń fi wọ́n rìn mọ ohun tó ń jẹ òun.

Ẹ̀rù gígé tí àwọn ènìyàn wa ń bà kò ṣàdédé wáyé o. Nígbà kan, ní ilẹ̀ òyìnbó gan-an, bí eegun bá gún awọ jáde, gígé ni oníṣẹ́ abẹ kọ́kọ́ ń rò, nítorí ọgbẹ́ náà á kẹ̀, á sì pa ènìyàn. Ní August 12, 1865, wọ́n gbé ọmọkùnrin ọlọ́dún 11 kan tí táyà kẹ̀kẹ́ ẹrù gun lẹ́sẹ̀ wá sí ilé ìwòsàn ní Glasgow. Eegun ojúgun rẹ̀ kán, ọgbẹ́ sì wà lórí rẹ̀. Joseph Lister, oníṣẹ́ abẹ ibẹ̀, fi ásíìdì kábọ́líkì wẹ ọgbẹ́ náà, ó fi aṣọ tó rẹ sínú rẹ̀ bò ó, ó sì fi igi mú ẹsẹ̀ náà dúró. Lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ 6, ọmọ náà fi ẹsẹ̀ méjèèjì rìn jáde. Ó ti lé ní 150 ọdún. Láti ìgbà náà ni gbogbo ìmọ̀ ìtọ́jú eegun ti dojú kọ ohun kan ṣoṣo: bí wọn kò ṣe ní gé ẹsẹ̀.

Ẹni tí mo fẹ́ kí àwọn Yorùbá mọ̀ jù nínú ìtàn yìí ni Hugh Owen Thomas. Ìdílé teegun-teegun ni wọ́n bí i sí, láti erékùṣù Anglesey ní Wales. Bàbá rẹ̀, Evan Thomas, ń to eegun ní Liverpool, òkìkí rẹ̀ kàn, àwọn dókítà sì ń bá a ṣẹjọ́ nítorí pé kò ní ìwé ẹ̀rí. Bàbá yìí kò bínú sí ìwé. Ó rán àwọn ọmọ rẹ̀ lọ kọ́ ìṣègùn. Hugh lọ sí Edinburgh, ó padà sí Liverpool, ó sì fi ohun tó bá nílé pọ̀ mọ́ ohun tó kọ́ ní yunifásítì. Òun ló ṣe irin gígùn olóruka tó ń mú itan dúró tààrà láìfún ẹran rẹ̀ pa. Nígbà Ogun Àgbáyé Kìíní, Robert Jones tó kọ́ṣẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀ mú irin náà lọ sójú ogun. Gẹ́gẹ́ bí àkọsílẹ̀ ìgbà náà, nínú ọmọ ogun 10 tí eegun itan wọn kán, nǹkan bí 8 ló ń kú kí irin náà tó dé. Nígbà tí ogun fi parí, iye náà ti wá sílẹ̀ sí nǹkan bí 2. Irin Thomas ṣì wà ní wọ́ọ̀dù eegun wa dòní. Ẹní ọparun àti irin yẹn, ọmọ bàbá kan náà ni wọ́n. Ọ̀kan lọ sílé ìwé, èkejì kò lọ.

Lẹ́yìn ìyẹn ni Gerhard Küntscher ní Jámánì, ní 1939, ki irin bọ inú mùdùnmúdùn eegun itan kí aláìsàn lè tètè dìde. Ní 1999, Lewis Zirkle ní Amẹ́ríkà dá àjọ SIGN sílẹ̀, àjọ tó ń fi irú irin bẹ́ẹ̀ ta ọsibítù ní àwọn orílẹ̀-èdè tí kò rí jájẹ lọ́rẹ, Nàìjíríà sì wà lára wọn. Ọsibítù Ìgbòbì fúnra rẹ̀, tí orúkọ rẹ̀ ń já ọ̀pọ̀ ènìyàn láyà l'Ékòó, ọmọ ogun tó fara gbọgbẹ́ nínú Ogun Àgbáyé Kejì ni wọ́n tìtorí wọn dá a sílẹ̀, kí wọ́n lè padà rìn. Ó di ọsibítù eegun ní 1945. Ibi tí wọ́n kọ́ láti mú ènìyàn dìde la sọ di ibi ìbẹ̀rù.

Ká padà sí ohun tí ìbẹ̀rù yẹn ń fà: ọ̀rọ̀ ìbàdí ló tún wá burú jù, nítorí ìbàdí kì í jẹrà lójú, ó ń jẹrà nínú. Orí eegun itan wọ inú ihò kan ní ìbàdí, àwọn iṣan ẹ̀jẹ̀ tín-ín-rín tó gba ọrùn rẹ̀ kọjá ló sì ń bọ́ ọ. Ẹni tó jókòó níwájú mọ́tò, tí mọ́tò kọlu nǹkan, tí orúnkún rẹ̀ sì fi gbogbo agbára gbá dáṣíbọ́ọ̀dù, orí eegun yẹn lè yẹ̀ jáde sẹ́yìn. Ẹ ó rí i tí ẹsẹ̀ náà kúrú, tí orúnkún rẹ̀ yí sínú. Ó yẹ kí wọ́n fi oògùn oorun kùn ún kí wọ́n sì dá a padà kí wákàtí 6 tó kọjá, nítorí bó ṣe ń pẹ́ níta ni ẹ̀jẹ̀ ń wọ́n orí eegun náà. Kí la ń ṣe fún un? Ọkùnrin mẹ́rin á dì í mú, wọ́n á fà á, wọ́n á fi omi gbígbóná àti róòbù wọ́ ọ. Bí kò bá wọlé, wọ́n á ní ó ti wọlé. Ní ọdún kan tàbí méjì, orí eegun náà lè kú, kó rún, kí ọ̀dọ́mọkùnrin ẹni ọgbọ̀n ọdún máa tiro.

Ìyá àgbà tó yọ̀ ṣubú ní bálùwẹ̀ ńkọ́? Ẹsẹ̀ rẹ̀ á kúrú, àtẹ́lẹsẹ̀ á yí síta, kò ní lè gbé e nílẹ̀. Ọrùn eegun itan ló kán. A ó ní ogbó ni, a ó ní kí wọ́n rọra máa fi òrí pa á, kí Màmá sinmi. Ìsinmi yẹn ló ń pa wọ́n. Arúgbó tó dùbúlẹ̀ gbalaja lórí bẹ́ẹ̀dì fún oṣù mélòó kan, ẹ̀yìn rẹ̀ á dégbò, omi á gùn ún láyà, ẹ̀jẹ̀ á dì nínú iṣan ẹsẹ̀ rẹ̀, ọjọ́ kan á sì já lọ sí ẹ̀dọ̀fóró. Ìlànà tí àwọn dókítà ń tẹ̀ lé ní Britain ni pé kí irú ìyá bẹ́ẹ̀ ti wọ yàrá iṣẹ́ abẹ lọ́jọ́ tó dé tàbí lọ́jọ́ kejì, kí wọ́n sì gbìyànjú láti mú un dìde dúró lọ́jọ́ tó tẹ̀ lé e. Àwọn ọmọ tó ń fowó ránṣẹ́ láti London fún ìnáwó ìsìnkú mọ̀ pé ní àdúgbò tí wọ́n ń gbé, wọn kì í fi ìyá ẹnikẹ́ni sílẹ̀ báyìí. Kí wọ́n rán owó náà síwájú ikú.

N ò ní pẹ́ lórí ọgbẹ́, nítorí kò sí àríyànjiyàn níbẹ̀: eegun tó bá ti yọ síta, tàbí tí ọgbẹ́ wà lórí ibi tó kán, kò yẹ kí ẹnikẹ́ni fi ewé, iyẹ̀pẹ̀ tàbí òrí kàn án. Tẹ́tánọ́ọ̀sì wà, kíkẹ̀ wọ inú eegun wà. Ẹni tó ní àtọ̀gbẹ ńkọ́, tí àtẹ́lẹsẹ̀ rẹ̀ kò mọ ìrora mọ́? Kí wọ́n má fi omi gbígbóná tẹ ẹ́ lẹ́sẹ̀, kí wọ́n má sì dì í, nítorí òun fúnra rẹ̀ kò ní mọ̀gbà tó bá ń jóná.

Mo mọ ohun tí wọn yóò fi dá mi lóhùn, òótọ́ púpọ̀ sì wà nínú rẹ̀. Wọ́n á ní ọsibítù yóò kọ́kọ́ béèrè owó kí wọ́n tó wo ojú aláìsàn. Wọ́n á ní ìyanṣẹ́lódì wà, pé ènìyàn lè sùn sórí ilẹ̀ kọ́rídọ̀ fún ọjọ́ mélòó kan kó tó kan orí rẹ̀. Wọ́n á ní ní ilé teegun-teegun, ìyá lè dáná fọ́mọ rẹ̀, a lè san owó díẹ̀díẹ̀, bàbá náà sì ń bá wa sọ̀rọ̀ lédè wa, kì í jágbe mọ́ wa. Gbogbo ẹ̀ ni mo gbà. Ìwà tí àwọn òṣìṣẹ́ ìlera kan ń hù sí ẹni tí ara ń ro burú, ìjọba tó fi owó ìtọ́jú sílẹ̀ fún tálákà láti máa wá kiri sì jẹ̀bi. Òfin ìbánigbófò ìlera tí wọ́n fọwọ́ sí ní 2022 sọ ọ́ di dandan fún gbogbo ará Nàìjíríà. Títí di ìgbà tí ọlọ́kadà bá rí i lò nígbà tí ẹsẹ̀ rẹ̀ kán, orí ìwé ló ṣì wà. Mo tún gbà pé POP náà lè pa ẹsẹ̀ bí wọ́n bá fi dì í le jù, tí wọn kò sì tú u wò. Ṣùgbọ́n ẹ wo ìyàtọ̀ tó wà níbẹ̀: bí aláìsàn bá ké ní wọ́ọ̀dù pé POP ń fún òun, òfin iṣẹ́ ni pé kí wọ́n la POP náà lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀. Bí yàrá inú ẹsẹ̀ bá sì ti wú jù, wọ́n á fi abẹ la awọ tí kò nà yẹn kí ẹ̀jẹ̀ lè wọlé. Ìlànà wà fún igbe aláìsàn. Ẹni tí owó lé lọ sílé teegun-teegun kò jẹ̀bi. Mo ń bá ẹni tó ní owó lọ́wọ́, tó ní mọ́tò nílẹ̀, tó ṣì gbé ọmọ rẹ̀ kọjá ẹnu ọ̀nà ọsibítù nítorí ẹ̀rù gígé, sọ̀rọ̀.

Ẹ tún gbọ́: kò sí dókítà tó lè gé ẹsẹ̀ àgbàlagbà tí orí rẹ̀ pé láìjẹ́ pé àgbàlagbà náà fúnra rẹ̀ fọwọ́ sí i, bó bá jẹ́ ọmọdé, òbí rẹ̀ ló ń fọwọ́ sí i. Wọ́n á ṣàlàyé, wọ́n á gbé ìwé wá. Ẹ lè ní kí dókítà mìíràn wá wò ó. Ẹ wá bi ara yín léèrè bóyá ẹnikẹ́ni fún yín níwèé nígbà tí wọ́n ń fi okùn di ẹsẹ̀ náà.

N kò pe àwọn teegun-teegun lọ́tàá. Ọwọ́ wọn mọ ara ènìyàn. Mo ti rí àgbàlagbà tó fi ìka méjì wá ibi tí eegun ti kán lára ẹsẹ̀ tó wú, tó sì bá a. Pé kí ìjọba lé wọn kúrò, ọ̀rọ̀ aláìmọ̀kan ni, nítorí wọ́n pọ̀ ju dókítà eegun lọ lọ́nà tí kò ṣeé fi wéra. Ohun tó yẹ ni kí a kọ́ wọn. Ní Ethiopia, dókítà kan pe àwọn teegun-teegun agbègbè rẹ̀ jọ, ó fi ọjọ́ kan ṣoṣo kọ́ wọn bí a ṣe ń di ẹsẹ̀ láìfún un pa àti bí a ṣe ń mọ èyí tó ń kú. Nínú ìwádìí tó tẹ̀ jáde ní 2005, iye ẹsẹ̀ àti apá tí wọ́n ń gé nítorí dídì ní ọsibítù ibẹ̀ dín kù gan-an lẹ́yìn ẹ̀kọ́ náà. Ọjọ́ kan! Èkó ní bọ́ọ̀dù ìṣègùn ìbílẹ̀ tirẹ̀, àwọn teegun-teegun wa sì ní ẹgbẹ́, wọ́n ní alága, wọ́n ní ọjọ́ ìpàdé. Kí ló dé tí kò fi sí dókítà eegun kan tó ń lọ jókòó sí ìpàdé wọn? Kí ó má bá wọn jà. Kí ó kọ́ wọn pé kí wọ́n má di ẹsẹ̀ yípo kí ìwú tó lọ, kí ọmọ ìka wà níta nígbà gbogbo, kí wọ́n tú u wò láàárín òru, kí wọ́n má fọwọ́ kan ìbàdí àti ọgbẹ́, kí wọ́n sì ní nọ́ńbà tí wọ́n lè pè láìsí ẹ̀sín. Ọ̀pọ̀ wọn ń tọ́jú ẹsẹ̀ tó ti bàjẹ́ pa mọ́ nítorí pé wọ́n mọ̀ pé èébú ló ń dúró de àwọn ní ọsibítù. Àwọn dókítà ló ni ẹ̀bi apá yẹn, kí wọ́n gbà á.

Ẹni tí okùn ti wà lẹ́sẹ̀ rẹ̀ lálẹ́ òní kò lè dúró de ìpàdé kankan. Ẹ tan iná sí ọmọ ìka ẹsẹ̀ náà. Ẹ tẹ èékánná àtàǹpàkò rẹ̀ títí tó fi funfun, kí ẹ fi í sílẹ̀. Láàárín ìṣẹ́jú àáyá 2 ó yẹ kí àwọ̀ rẹ̀ ti padà. Ẹ fi ẹ̀yìn ọwọ́ kàn án, kí ẹ fi kan ẹsẹ̀ kejì, kí ẹ mọ̀ bóyá ó tutù jù ú lọ. Ẹ ní kó mi àwọn ọmọ ìka náà. Ẹ rọra fa wọ́n sókè, kí ẹ wo ojú rẹ̀. Bí àwọ̀ kò bá padà, bó bá tutù, bí kò bá lè mi wọ́n, bí ó bá lọgun nígbà tí ẹ fà wọ́n, ẹ má pe bàbá teegun-teegun láti béèrè, ẹ má dúró de ilẹ̀ mímọ́. Ẹ fi sáásì tàbí abẹ gé okùn náà látòkè délẹ̀, kí ẹ ṣí ọparun náà sílẹ̀, kí ẹ jẹ́ kí ẹsẹ̀ náà dọ́gba pẹ̀lú àyà rẹ̀, lẹ́yìn náà kí ẹ wá mọ́tò tó ń lọ sí ọsibítù.